Fóònù Méjì, Ọyẹ́ Kan: Ta Ni Ká Gbà Gbọ́ Nípa Òtútù Ìdájí?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, àti ẹ̀yin ẹlòmíràn tẹ́ ẹ máa ń yà síbí wá wo ohun tí bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ń kọ, ẹ fi ìpara sí ètè kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí rẹ́rìn-ín, torí ẹ máa rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa rẹ́rìn-ín lónìí.

Ní àdúgbò wa ní Bàrígà, wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti kọ́ni ní ìmọ̀ ojú ọjọ́ rí ní yunifásítì gbọ́dọ̀ mọ bí ọ̀la ṣe máa rí. Mo ti ṣàlàyé títí pé ìmọ̀ nípa ojú ọjọ́ ọgbọ̀n ọdún yàtọ̀ sí ìmọ̀ nípa òwúrọ̀ ọ̀la. Kò wọ̀ wọ́n létí. Obìnrin kan wà ní ojúlé kẹta sí tiwa, aránṣọ ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ṣù nínú iṣan, tí ìrora rẹ̀ sì máa ń mú ọmọ náà nínú eegun. Òtútù wà lára ohun tó máa ń ta ìrora yẹn jí. Nítorí náà, bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ìyá náà á dúró sí ẹnu géètì wa: "Ẹ káalẹ́ sà. Prọ́ọ̀fù, ṣé òtútù máa mú lọ́la?"

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti ìtàkúrọ̀sọ. Ìdáhùn mi ló máa fi mọ̀ bóyá kó gbé omi kaná láago márùn-ún, bóyá kí ọmọ wọ súwẹ́tà méjì, bóyá kó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tí afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ kọjá lọ sí ilé ìwé, àbí kó dúró sílé títí oòrùn á fi yọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ tó kọjá, mo wo fóònù mi: digíìrì 24 ni ìdájí. Fóònù ìyàwó mi, tí ààpù tirẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, ní 20. Mo wá ṣe ohun tí mo máa ń gé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ sí: mo mú èyí tó wù mí. Mo ní kó má ṣèyọnu, pé kò sí òtútù. Nígbà tí mo jí ní ìdájí, àtẹ́lẹsẹ̀ mi tó kan táìlì ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé mo ti purọ́. Ọyẹ́ ti dé lóru. Kùrukùru ti bo afárá Third Mainland tí a máa ń rí láti òkè ilé wa, imú sì ti gbẹ. Ọmọ náà ti lọ sílé ìwé nínú yunifọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Mi ò lè sọ pé òtútù ìdájí yẹn ló fà á. Dókítà náà ò sọ bẹ́ẹ̀, nítorí nǹkan púpọ̀ ló lè fà á, àti pé kò sí ẹni tó lè tún ọjọ́ kan náà gbé lẹ́ẹ̀mejì láti fi wé ara wọn. Ara ọmọ yá, ó sì padà sílé. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ò bá mi wí rárá, àìbániwí yẹn ló sì mú kí n kọ nǹkan yìí. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àríwísí ìwé àwọn ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí n ṣe àríwísí ohun tí mo kà lójú fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn bíi pé ìwé ni. Ta ló kọ ọ́? Kí ló mọ̀? Kí ni kò mọ̀ tó sì ń ṣe bí ẹni mọ̀ ọ́n?

Ibi tí òtútù wa ti ń wá ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Òtútù London àti Chicago ń ti ìhà yìnyín bọ̀. Tiwa ń ti aṣálẹ̀ bọ̀. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń fẹ́ láti àríwá-ìlà-oòrùn, láti Sàhárà, wá sọ́dọ̀ wa. Afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin sì ń ti ojú òkun bọ̀ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Ààlà tí àwọn méjèèjì ti ń kojú ara wọn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ITD. Nígbà tí òjò bá le, ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ, ààlà yìí á ti gun òkè kọjá Kánò. Ní oṣù Kìíní, á ti sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹ̀bá etíkun. R. A. Hamilton àti J. W. Archbold ló kọ̀wé lé e lórí fún Nàìjíríà àti àyíká rẹ̀ lọ́dún 1945, tí wọ́n pín ojú ọjọ́ wa sí àgbègbè àgbègbè gẹ́gẹ́ bí ibì kan ṣe jìnnà sí ààlà náà tó. Ẹ̀yin tí mo fipá mú ka The Climates of West Africa, ìwé tí Oyediran Ojo gbé jáde lọ́dún 1977, ẹ máa rántí. Bẹ́ ẹ bá ti gbàgbé, mo dárí jì yín.

Ṣómólú àti Bàrígà wà ní nǹkan bí ìlà 6.5 sí àríwá. Ìyẹn ni pé ẹnu ààlà gan-an la kọ́lé sí. Bí ààlà bá dúró sí òkè wa, ní ọ̀nà Ṣàgámù, afẹ́fẹ́ òkun la máa sùn sínú rẹ̀: ara á máa làágùn, ìdájí á lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìkùukùu lè bo ọ̀sà. Bó bá sọ̀kalẹ̀ kọjá wa lọ sórí òkun, afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ ló máa bá wa sùn. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ dà bí aṣọ ìbora lórí ilẹ̀ lóru: bó bá wà, ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án ò ní tètè sá lọ sójú ọ̀run, bí kò bá sí, ooru á sá lọ, òtútù á sì mú ní ìdájí. Láti Ṣàgámù dé etí òkun, ká máa wò ó láti àríwá sí gúúsù, kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ. Fún kọ̀ǹpútà tó ń ro ti gbogbo ayé, àṣìṣe 50 kìlómítà kò tó nǹkan tí wọ́n ń pe ìpàdé sí. Fún ọmọ tó fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Nísinsìnyí, ta ló kọ ohun tó wà lójú fóònù? Ọ̀pọ̀ ààpù kì í sọ. Wọ́n á ya oòrùn kékeré kan, wọ́n á kọ 24 sí abẹ́ rẹ̀, ó parí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé iṣẹ́ báyìí fún mi láìsọ ibi tó ti rí i, ẹ mọ ohun tí mo máa ń kọ sí i ní yíǹkì pupa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ààpù, ilé iṣẹ́ díẹ̀ ló wà. Ọ̀kan ni ECMWF ti àwọn ará Yúróòpù, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Reading nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kọ̀ǹpútà ńlá rẹ̀ sì wà ní Bologna ní Ítálì. Èkejì ni GFS ti ìjọba Amẹ́ríkà, tí NOAA ń darí. Àwọn ará Jámánì ní ICON, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀. Láti ìgbà tó ti pẹ́ ni Amẹ́ríkà ti ń fi GFS fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí òun fi wà nínú ọ̀pọ̀ ààpù ọ̀fẹ́. ECMWF pẹ́ kó tó ṣílẹ̀kùn: ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní 2022, ó sì ṣí i gbayawu ní oṣù Kẹwàá 2025.

Iṣẹ́ tí gbogbo wọn ń ṣe jọra. Wọ́n á pín afẹ́fẹ́ ayé sí àpótí àpótí, wọ́n á kó ohun tí sátẹ́láìtì, bàlúù, ọkọ̀ òfurufú àti àwọn ibùdó ilẹ̀ bá rí sínú rẹ̀, wọ́n á wá fi ìṣirò tì í síwájú, ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí ìṣẹ́jú díẹ̀, títí á fi di ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Lewis Fry Richardson, gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1922, ó ṣe ìṣirò fún wákàtí mẹ́fà péré, ó sì kùnà pátápátá. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ó tẹ ìkùnà náà jáde fún gbogbo ayé láti rí. Ààpù wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí?

Àpótí ECMWF fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 9, ti GFS tó 13. Ẹ fojú inú wo àpótí kìlómítà 13 kan lórí wa. Ó lè gbé Ṣómólú, Bàrígà, Akọkà, Ọwọ́rọ̀ńṣòkí àti apá ńlá nínú ọ̀sà mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nọ́ńbà kan ni kọ̀ǹpútà ní fún gbogbo wọn. Ilé onípákó àwọn Ìlàjẹ tó wà létí omi ní Bàrígà àti yàrá méje tó há mọ́ra lẹ́yìn Bajulaiye, digíìrì kan náà ni. Nígbà náà, tí ààpù bá kọ "Ṣómólú" sókè gàdàgbà, ẹ̀tàn ni orúkọ yẹn. Kọ̀ǹpútà ò mọ Ṣómólú. Àpótí ló mọ̀.

Àwọn ọmọ yín tó wà lókè òkun á sọ pé ti Yúróòpù ló dára jù, pé gbogbo ayé ló mọ̀. Òótọ́ wà ńbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2012, nígbà tí ìjì Sandy ń bọ̀ lórí òkun Àtìláńtíìkì, ECMWF ló kọ́kọ́ rí i ní ọjọ́ púpọ̀ ṣáájú pé ìjì náà máa yí sọ́wọ́ òsì lọ kọlu etíkun Amẹ́ríkà, nígbà tí GFS ṣì ń gbé e lọ sójú agbami. Láti ọjọ́ náà ni òkìkí yẹn ti kàn dé ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n òkìkí tí ẹnì kan gbà ní New York, ṣé òun ló máa fi jẹun ní Bàrígà? Ní 2018, Peter Vogel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì gbé iṣẹ́ kan jáde lórí asọtẹ́lẹ̀ òjò ní apá àríwá ilẹ̀ olóoru Áfíríkà. Wọ́n kó asọtẹ́lẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ayé jọ, títí kan ECMWF, wọ́n fi wọ́n wé ẹni tí kò ṣe ju kó wo ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láwọn ọdún tó ti kọjá. Àwọn kọ̀ǹpútà náà ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju onítọ̀hún lọ. Òjò ni ìyẹn, kì í ṣe ọyẹ́, mi ò sì ní kó méjèèjì pọ̀; afẹ́fẹ́ ọyẹ́ rọrùn láti tọpa ju òjò lọ. Ṣùgbọ́n ó tó láti mú ká má gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fọwọ́ sí níbòmíràn láìbi í ní ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí eruku, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn.

Ọ̀pọ̀ eruku ọyẹ́ wa ń ti ibì kan bọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ilẹ̀ kòtò kan ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad. Adágún ńlá ni níjọ́un, ó gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá di eruku funfun lẹ́búlẹ́bú. Òkè Tibesti wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, Ennedi ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Afẹ́fẹ́ á gba àárín wọn bí ìgbà tí èèyàn fẹnu fẹ́ iná, á gbé eruku náà nílẹ̀, á sì kó o bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 2005, àwọn onímọ̀ lọ pàgọ́ síbẹ̀ láti wọn afẹ́fẹ́ náà, wọ́n pe iṣẹ́ náà ní BoDEx. Nígbà tó di 2008, Martin Todd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwòṣe kọ̀ǹpútà márùn-ún, wọ́n fi wọ́n wé ohun tí wọ́n wọ̀n níbẹ̀. Ibì kan náà, ọjọ́ kan náà, ìwọ̀n eruku tí olúkúlùkù wọn sọ pé ó gbéra yàtọ̀ síra wọn gan-an. Ìdí rẹ̀ yé ni: bí afẹ́fẹ́ bá fi díẹ̀ le sí i, eruku tó ń gbé á fi púpọ̀ pọ̀ sí i, nítorí náà àṣìṣe kékeré nínú afẹ́fẹ́ máa ń di àṣìṣe ńlá nínú eruku.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ rèé. Àwòṣe ECMWF tó ní ojú kìlómítà 9, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń dé orí fóònù, kì í wo eruku tó ń fẹ́ lónìí. Ìpíndọ́gba eruku oṣù náà ló ń lò: iye tó sábà máa ń wà nínú afẹ́fẹ́ ní oṣù Kìíní. Èyí tó ń tọpa eruku gan-an lójoojúmọ́ ni CAMS, iṣẹ́ mìíràn tí ECMWF kan náà ń bá àwọn ará Yúróòpù ṣe. Ṣùgbọ́n àpótí tirẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 40, kò sì kọjá ọjọ́ márùn-ún. Ẹni tí ojú rẹ̀ mú kò rí eruku. Ẹni tó rí eruku, ojú rẹ̀ ò mú. Eruku yìí sì ń ṣe nǹkan sí òtútù: ó ń dí oòrùn lójú lọ́sàn-án, kí ilẹ̀ má lè gbóná bó ṣe yẹ. Nítorí náà lẹ ṣe máa ń rí ààpù tó ya oòrùn dídán gbinrin sójú fóònù nígbà tí oòrùn tòótọ́ dà bí abọ́ funfun lẹ́yìn kùrukùru, tẹ́ ẹ sì lè fojú ko ó láìṣẹ́jú.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìfiwéra gidi, kó wá ibùdó eruku tó wà ní Barcelona lábẹ́ àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé, WMO. Wọ́n máa ń tẹ́ àwòrán eruku láti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ àwòṣe kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójoojúmọ́, wọ́n á sì fi àárín gbogbo wọn hàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo jókòó tì í títí oúnjẹ fi tutù. Àwòṣe kan á da eruku bo Èkó pátápátá, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á dá a dúró sí Ìlọrin. Ìjà gbangba! Wọn ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Èyí gbé mi dé ẹ̀sùn tó tóbi jù lọ. ECMWF kì í ṣe ìṣirò ọ̀la lẹ́ẹ̀kan. Ó ń ṣe é lọ́nà 51, ó ń yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, kó lè mọ bí àìdánilójú ṣe pọ̀ tó. GFS náà ní irú rẹ̀, 31. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ní alẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, nǹkan bí ìdajì nínú wọn sọ pé ààlà máa wà lókè wa, kí ìdájí jẹ́ 24, ìdajì yòókù sọ pé ó máa wọ inú òkun, kó jẹ́ 20. Ẹni tó bá pín in dọ́gba á kọ 22. Bẹ́ẹ̀ 22 ni ọjọ́ tí kò sí ẹni tó sọ tẹ́lẹ̀! Ìdájí olóoru wà ńbẹ̀, ìdájí ọyẹ́ wà ńbẹ̀, kò sí ẹ̀yìn-ò-ṣáájú láàrin wọn. Gbogbo ìmọ̀ tí wọ́n fi owó gọbọi kó jọ nípa àìdánilójú yẹn, ààpù á gbé e sọnù ní ẹnu ọ̀nà fóònù, á wá ju nọ́ńbà kan sí wa. Ẹ̀bi mi wà nínú rẹ̀, mi ò sẹ́. Nígbà tí fóònù méjì lójú kan náà sọ 24 àti 20, àìgbọ́raẹniyé yẹn gan-an ni asọtẹ́lẹ̀ náà. Òun ló yẹ kí n kà fún ìyá ọmọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni mo ra ìwé kékeré kan, mo gbé òṣùwọ̀n ooru kọ́ sí ibi tí oòrùn ò ti lè tà á, mo sì ń kọ ohun tí fóònù méjèèjì bá sọ lálẹ́ àti ohun tí ìdájí bá mú wá, títí ọyẹ́ fi lọ. Mi ò ní pe orúkọ àwọn ààpù náà. Àkókò kan ṣoṣo àti òṣùwọ̀n ọlọ́jà kò tó láti ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Ohun tí mo rí rèé. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá kàn sọ pé ọ̀la á dà bí òní. Ọjọ́ tí ojú ọjọ́ yí padà nìkan ni wọ́n yàtọ̀, àwọn ọjọ́ yẹn ò sì pọ̀. Tèmi máa ń dé lẹ́yìn. Ọyẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ kó tó gbà pé ọyẹ́ dé. Ti ìyàwó mi máa ń tètè ké. Ó ké níjọ́ tí ọyẹ́ ò wá rárá. Bẹ́ ẹ bá ṣírò ìpíndọ́gba àṣìṣe, tèmi á fi díẹ̀ borí, torí ìró òfo ìyàwó mi á wọ inú ìṣirò. (Ó ti ka gbólóhùn yìí. Ó ní kí n máa ṣe é lọ.)

Ṣùgbọ́n ẹ bi ìyá ọmọ léèrè. Ìró òfo ná an ní súwẹ́tà kan àti gáàsì tó fi gbé omi kaná. Àìró ná an ní ìbùsùn ilé ìwòsàn. Lójú tirẹ̀, ààpù tó ń tètè ké ló dára jù, bí ìṣirò tiẹ̀ dá a lẹ́bi.

Ẹ wá bi ọ̀rẹ́ mi atẹ̀wé ní Ṣómólú. Ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ìwé fún ìdajì Èkó, àti pé oṣù Kejìlá tí ọyẹ́ ń bọ̀ náà ni àsìkò kàlẹ́ńdà. Bébà ń mu ọ̀rinrin. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ lójijì, bébà á sún kì, á ká létí, àwọn ojú ewé á sì lẹ̀ mọ́ra bí ìgbà tí iná bá wà lára wọn, tí ẹ̀rọ á fi máa gbé méjì lẹ́ẹ̀kan. Kàlẹ́ńdà aláwọ̀ mẹ́rin, tó bá gba àwọ̀ kìíní lónìí tó sì sún kì kó tó gba ìkejì lọ́la, àwọ̀ ò ní jókòó lórí ara wọn mọ́. Mo ti rí kàlẹ́ńdà ìjọ kan tí pásítọ̀ ní ètè mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi ò bìkítà fún digíìrì. Ọ̀rinrin ló fẹ́ mọ̀, ìyẹn sì ni ààpù máa ń fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá, tèèyàn á fi ìka fà á sókè títí kó tó rí i. Tí wọ́n bá sì ké lásán, tó fi nájílọ́ọ̀nù wé bébà rẹ̀, tó da omi sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tó dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ tí oníbàárà ń dúró, owó ló sọnù. Tirẹ̀, kí wọ́n má tètè ké. Àwòṣe kan náà, àdúgbò kan náà, ìdájọ́ méjì, kò sì sí èyí tó ṣàṣìṣe níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú yín kọ̀wé sí mi láti Manchester pé kí n má da ara mi láàmú, pé kọ̀ǹpútà ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá ti dé. Lóòótọ́ ló dé. Ní 2023 ni Pangu-Weather ti Huawei àti GraphCast ti Google DeepMind jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó lórúkọ, ECMWF náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo tirẹ̀, AIFS, lójoojúmọ́ ní oṣù Kejì 2025. Wọ́n yára, ohun tó ń gba kọ̀ǹpútà ńlá ní wákàtí ni wọ́n ń ṣe ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Láti inú ERA5, àkójọ ojú ọjọ́ ayé tí ECMWF ṣe. Níbi tí ibùdó ìwọnjú-ọjọ́ bá pọ̀, ohun tí èèyàn rí ló pọ̀ nínú àkójọ yẹn. Níbi tí wọn ò bá pọ̀, bíi tọ̀dọ̀ wa, tí bàlúù ìwádìí tó ń gòkè lójoojúmọ́ ṣọ̀wọ́n, àwòṣe àtijọ́ náà ló ń dí ọ̀pọ̀ àlàfo. Ọmọ tuntun yìí wá jókòó, ó há gbogbo rẹ̀ sórí, títí kan àlàfo tí wọ́n fi àbá dí. Kò lè mọ̀ nípa ẹnu ààlà wa ju ìwé tó kà lọ. GraphCast àti Pangu kì í tiẹ̀ sọ ohunkóhun nípa eruku.

Ó ku NiMet wa, tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 2003, tí wọ́n ní ilé iṣẹ́ ní Òṣòdì níbí. Àwa ará Èkó fẹ́ràn láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti ka àwọn asọtẹ́lẹ̀ wọn dáadáa lásìkò yìí, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí: àwọn nìkan ló ń pe eruku lórúkọ. Wọ́n á sọ pé kùrukùru eruku máa wà, pé èèyàn á lè ríran láti kìlómítà 2 sí 5, tàbí pé níbòmíràn kò ní ju mítà 1000 lọ. Èèyàn ló jókòó wo àwòṣe púpọ̀, tó wo sátẹ́láìtì, tó mọ̀ pé eruku tó bo Màídúgúrì àti Kánò lónìí ń bọ̀ lọ́nà. Ìyẹn ju oòrùn kékeré ojú fóònù lọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé awakọ̀ òfurufú ló wà lọ́kàn ẹni tó ń kọ ọ́. "Àwọn ìlú etíkun gúúsù" ni wọ́n máa ń kó wa sí, àwa pẹ̀lú Bàyélsà àti Kàlàbá. Bẹ́ẹ̀ òtútù ìdájí wa ò jọ tiwọn. Ìyá tó ń gbé omi kaná kò rí ara rẹ̀ nínú gbólóhùn yẹn.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí kò le. Mi ò kọ́kọ́ wo digíìrì mọ́. Mo ń wo ohun tí wọ́n ń pè ní dew point, ìyẹn ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tutù dé kí ìrì tó bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀. Nǹkan bí 15 ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń fi sàmì ààlà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Tí àwòṣe méjì bá ní ó máa lọ sísàlẹ̀ 15 lóru, mo mọ̀ pé aṣálẹ̀ ń bọ̀ wá sùn. Tí ọ̀kan bá sọ bẹ́ẹ̀ tí èkejì kọ̀, mo mọ̀ pé ààlà wà lórí òrùlé wa. Mo tún máa ń gbé omi inú ọ̀rá jáde láti inú fíríìjì sórí tábìlì. Ní ọjọ́ olóoru, kó tó di ìṣẹ́jú mélòó kan, ara rẹ̀ á ti rin gbingbin. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń sún mọ́lé, ó máa ń pẹ́ kó tó làágùn. Ìyàwó mi ní ọdún mélòó ni mo fi kọ́ni kí n tó wá di ẹni tó ń ṣọ́ omi ọ̀rá.

Lánàá, ìyá náà tún dúró sí ẹnu géètì. Ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ guguru. "Ẹ káalẹ́ sà. Ṣé òtútù máa mú lọ́la?" Mo sọ fún un pé àwọn àwòṣe ò gbọ́ra wọn yé, pé tí irú alẹ́ yìí bá jẹ́ mẹ́wàá, bóyá òtútù máa mú nínú mẹ́ta. Mo rò pé ó máa ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ronú díẹ̀.

"Mẹ́ta ti pọ̀, sà," ó ní. "Màá gbé omi kaná."